Kí oníṣẹ́ tó sọ pé bọ́ọ̀dù ti jó: Bí wọ́n ṣe ń lo kọntírólà mọ́tò DC, àti bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó ń ṣe é

Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń já àwọn tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ náílọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tó ń gé bébà láyà ní Múṣin, Sùúrùlérè àti Yábàá tó kí oníṣẹ́ iná ṣí pánẹ́ẹ̀lì, kó mi orí, kó ní: "Ọ̀gá, bọ́ọ̀dù ti jó." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, àmọ́ owó ńlá ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ oníbàárà wà nílẹ̀ tí wọ́n ti gba àsansílẹ̀ owó rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó, wọ́n ń wojú ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù kò ní í tìtorí pé ẹ̀rọ bàjẹ́ kó dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ń dunni jù ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á wá owó, wọ́n á ra bọ́ọ̀dù mìíràn, wọ́n á so ó, kò sì ní í ju wákàtí kan lọ tí ìyẹn náà á fi jó. Ìdí ni pé bọ́ọ̀dù kọ́ ló ń ṣàìsàn látìbẹ̀rẹ̀. Ara mọ́tò ni ẹjọ́ wà, tàbí ara iná tó ń wọlé, tàbí ara wáyà kan tó tú sílẹ̀ níbì kan. Àwọn àgbà ní wọn kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá mọ bí kọntírólà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, tó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, yóò bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó òfò. Yóò sì dáàbò bo ọwọ́ àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́.

IRÚ MỌ́TÒ TÓ JẸ́

Mọ́tò tí wọ́n ń sọ níbí kì í ṣe èyí tó ń rìn lójú títì. Mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ ni. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: èyí tó ń lo iná AC, irú iná tó ń wá láti ara òpó, àti èyí tó ń lo iná DC, irú èyí tó wà nínú bátìrì. Mọ́tò AC lásán kì í fẹ́ yí ìyára rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ti tan án, ibi tó máa sáré dé náà ló ń sáré dé. Ṣùgbọ́n mọ́tò DC dà bí ẹṣin tó gbọ́ràn sí ìjánu. Bí wọ́n bá fẹ́ kó máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ nígbà tí wọ́n ń to bébà sẹ́nu ẹ̀rọ, á yí jẹ́ẹ́jẹ́, síbẹ̀ agbára rẹ̀ kò ní í dín. Bí wọ́n bá sì ní kó sáré, á sáré.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé iṣẹ́ tó wúwo lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó ń lo dísù, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti ń tọ́jú ní Èbúté-Mẹ́ta láti ọdún pípẹ́, mọ́tò DC ló wà nídìí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ́ńjìnnì dísù á máa yí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ á fún mọ́tò níná, mọ́tò á sì fa ọkọ̀ lọ.

Láyé àtijọ́, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láti darí ìyára mọ́tò yìí. Lọ́dún 1891, ará Amẹ́ríkà kan, Harry Ward Leonard, gbé ọ̀nà kan jáde: mọ́tò kan á máa yí jẹnẹrétọ̀ kan, fóòtì tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ náà ni wọ́n á sì máa fi kún tàbí kí wọ́n máa dín kù fún mọ́tò tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀rọ mẹ́ta ń làágùn nítorí iṣẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tó di ọdún 1957, iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní thyristor, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ mọ̀ sí SCR. Ohun kékeré yìí ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ńlá méjì. Òun náà ló wà nínú àwọn bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń bá kiri ní Múṣin dòní.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ti ń lo mọ́tò AC pẹ̀lú inverter tó ń darí ìyára, èyí tó yàtọ̀ sí inverter tí wọ́n ń lò nílé nígbà tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tòkunbọ̀ pọ̀ tí wọ́n ti ṣe kí inverter tó gbòde. Mọ́tò DC ló ṣì ń bọ́ àwọn tó ń lò wọ́n.

OHUN TÍ KỌNTÍRÓLÀ Ń ṢE

Kóìlì méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò DC. Èyí tí kì í yí, tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò mọ́tò, ni wọ́n ń pè ní field. Èyí tó ń yí láàárín ni armature. Kábọ́ọ̀nù dúdú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní bírọ́ọ̀ṣì, ló ń fara kan òrùka bàbà tó wà lórí armature, ìyẹn commutator, láti gbé iná wọ inú rẹ̀. Wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń jáde: A1 àti A2 fún armature, F1 àti F2 fún field. Àwọn mọ́tò kéékèèké kan wà tó jẹ́ pé mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe field wọn. Wáyà méjì péré ni ìyẹn ní.

Òfin méjì ló ń darí mọ́tò yìí. Èkíní, bí fóòtì tó ń lọ sí armature bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò á máa sáré sí i. Èkejì, bí agbára field bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò á máa sáré sí i. Òfin kejì yìí ló léwu. Bí wáyà field bá já nígbà tí iná wà nínú armature, tí ẹrù kò sì pọ̀ lórí mọ́tò, ó lè sáré kọjá ààlà títí tí armature á fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nítorí náà, wọn kì í gé iná field nígbà tí iná armature bá ṣì wà.

Iṣẹ́ kọntírólà ni láti gba iná AC, kó sọ ọ́ di DC, kó sì máa wọn ìwọ̀n tó ń lọ sí armature. Thyristor inú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Iná tó ń wá láti ìta ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ń bọ̀, thyristor á dúró díẹ̀ kó tó ṣí géètì. Bó bá tètè ṣí i, iná púpọ̀ á kọjá, mọ́tò á sáré. Bó bá pẹ́ kó tó ṣí i, ìwọ̀nba iná ló máa kọjá, mọ́tò á rọra yí. Bọ́tìnì tí wọ́n ń yí níwájú ẹ̀rọ, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní fọ́líọ́ọ̀mù nítorí pé ó jọ ti rédíò, kò gbé iná mọ́tò rárá. Ó kàn ń sọ ìgbà tí kí wọ́n ṣí géètì ni.

Kọntírólà tó ń lo fóòtì 240, armature tó ń gba fóòtì 180 ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Èyí tó ń lo iná ìlà mẹ́ta, fóòtì 415, lè gbé e dé nǹkan bíi 460. Ohun tó dájú jù ni pátákó irin kékeré tó wà lára mọ́tò. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ fóòtì armature, fóòtì field, amp àti ìyára rẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá ka pátákó yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn sikúrù kéékèèké tún wà lórí bọ́ọ̀dù. MIN ń sọ ibi tí ìyára á ti bẹ̀rẹ̀, MAX ń sọ ibi tó máa parí sí. ACCEL ń sọ iye àkókò tí mọ́tò á fi gbéra dé orí eré, DECEL ń sọ iye èyí tó máa fi rọlẹ̀. CURRENT LIMIT ni ààlà amp tí kọntírólà kò ní í jẹ́ kí mọ́tò kọjá. IR COMP ló ń fi fóòtì díẹ̀ kún un nígbà tí ẹrù bá wúwo, kí ìyára má baà rẹ̀ sílẹ̀.

Ká ní mọ́tò kan jẹ́ agbára ẹṣin kan, ìyẹn wáàtì 746, tó sì ń lo fóòtì 180. Bí wọ́n bá pín 746 sí ọ̀nà 180, amp mẹ́rin àti díẹ̀ ló máa jáde. Bí wọ́n bá ro ohun tó ń ṣòfò nínú mọ́tò mọ́ ọn, yóò tó nǹkan bí amp 5, iye tí wọ́n sì sábà máa ń kọ sára irú rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n lè ṣètò CURRENT LIMIT sí ìlọ́po kan àbọ̀, ìyẹn amp 7.5. Bí oníṣẹ́ kan bá yí sikúrù yìí dé òpin nítorí pé ẹ̀rọ kò lè fa ẹrù, kò wo àìsàn sàn rárá. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ mọ́tò ló lé lọ.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó LÓJOOJÚMỌ́

Kí fọ́líọ́ọ̀mù wà ní òdo kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kí wọ́n sì rọra gbé e sókè. Bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n yí i wálẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Kò dáa kí súwìṣì ńlá ara ògiri di ohun tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ dúró nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá fẹ́ kó yí sí òdìkejì, A1 àti A2 ni wọ́n á gbé ara wọn dípò, tàbí F1 àti F2, kì í ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti dúró jẹ́ẹ́, iná sì gbọ́dọ̀ ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ewu kan wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa gan-an, torí pé iná kì í dúró. NEPA mú iná lọ, ẹ̀rọ dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pe àwọn tó ń pín iná bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2005. Ọmọ iṣẹ́ á rò pé àyè ti yọ láti yọ bébà tó há, á ti ọwọ́ bọ àárín rólà. Fọ́líọ́ọ̀mù ṣì wà lókè níbi tí wọ́n fi í sí. Bí iná bá dé lójijì, ẹ̀rọ náà lè dìde fúnra rẹ̀, ìka kì í sì í hù padà. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n so contactor tó ní bọ́tìnì STÁÀTÌ àti STÓPÙ mọ́ ọn, kó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ kò ní í ṣiṣẹ́ àfi bí èèyàn bá tún tẹ STÁÀTÌ. Kí súwìṣì ẹ̀rọ sì ti wà ní pípa kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, iná wà o, iná kò sí o.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà ṣe pàtàkì. Thyristor ń wo bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ kó tó mọ ìgbà tó máa ṣí géètì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kéré jù, tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹrù bá ti dé, kọntírólà kò ní í mọ ibi tó wà mọ́, mọ́tò á sì máa fà gìrì-gìrì. Háàfù kọ́rẹ́ńtì náà kò dáa fún un. Fún àwọn tó ń lo ìlà mẹ́ta, bí ìlà kan bá kú, kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fẹ́ yí sí jẹnẹrétọ̀, kí mọ́tò ti dúró pátápátá ná.

Ọ̀tá kejì ni eruku. Lẹ́búlẹ́bú bébà, eruku náílọ́ọ̀nù àti eruku kábọ́ọ̀nù ara bírọ́ọ̀ṣì máa ń dí ojú fáànù mọ́tò. Mọ́tò tí fáànù rẹ̀ wà lára ọ̀pá tó ń yí kì í rí atẹ́gùn tó bó bá ń rọra yí fún ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbóná nígbà tí ìyára kéré ju ìgbà tó ń sáré lọ. Bí wọ́n bá sì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí iná field máa jó lára mọ́tò tó dúró títí di ọjọ́ kejì, nítorí kóìlì rẹ̀ á máa gbóná lásán.

KÍ WỌ́N TÓ ṢÍ PÁNẸ́Ẹ̀LÌ

Iná tó ń pa èèyàn ni fóòtì 240, ká má tíì sọ 415. Lára ọ̀pọ̀ kọntírólà kéékèèké, ojú wáyà fọ́líọ́ọ̀mù pàápàá kò yà kúrò lára iná ìta, bó ti wù kó kéré tó lójú. Kí oníṣẹ́ pa súwìṣì, kó yọ fíúùsì ibẹ̀, kó fi sínú àpò ara rẹ̀, kó má baà sí ẹni tó máa lọ tan án láìmọ̀. Kó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí iná tó kù nínú kapásítọ̀ ṣàn tán, kó fi mítà wò ó pé kò sí iná mọ́, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Àyẹ̀wò tó bá jẹ́ dandan kí iná wà, ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ni kó ṣe é, kó má sì dá wà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WÁ OHUN TÓ Ń ṢE É

Ọ̀nà tó dáa jù ni láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ní owó nínú, kí wọ́n tó dé ibi tó ní owó nínú.

Bí mọ́tò kò bá yí rárá: Kí wọ́n kọ́kọ́ fi mítà wo iná tó ń wọ kọntírólà. Ṣé ó pé? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n yọ fíúùsì, kí wọ́n fi mítà dán an wò, nítorí fíúùsì kan máa ń dà bí ẹni pé ó wà láàyè lójú, bẹ́ẹ̀ ó ti kú. Kí wọ́n wo bọ́tìnì STÓPÙ àti súwìṣì ara ìdérí ẹ̀rọ. Bí ìdérí kò bá pa dé dáadáa, kọntírólà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, kò sì ní àìsàn kankan. Lẹ́yìn èyí ni fọ́líọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ kọntírólà máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 10 DC sí etí rẹ̀ méjèèjì. Bí wọ́n bá ń yí i, fóòtì wáyà àárín gbọ́dọ̀ máa lọ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òdo. Bó bá ń fò tàbí tó dúró sójú kan, fọ́líọ́ọ̀mù ló bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bọ́ọ̀dù.

Bí gbogbo èyí bá dáa, kí wọ́n wo fóòtì tó ń jáde lọ sí armature. Bó bá ń lọ sókè bí wọ́n ṣe ń yí fọ́líọ́ọ̀mù, tí mọ́tò kò sì yí, bọ́ọ̀dù ti ṣe tiẹ̀. Ara mọ́tò ni kí wọ́n lọ: bírọ́ọ̀ṣì lè ti jẹ tán, wáyà lè ti já. Bí fóòtì náà bá kéré, tí amp sì ti dé ààlà, ó lè jẹ́ pé gíà tàbí béárìn ti há, tàbí pé field kò ní iná. Mítà tó ń há wáyà lẹ́nu ni wọ́n fi ń wo amp yìí, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó mọ DC, nítorí ọ̀pọ̀ irú mítà bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ju AC lọ.

Bí fíúùsì bá ń jó ní gbàrà tí wọ́n bá tan án: Kí wọ́n pa iná, kí wọ́n yọ wáyà armature méjèèjì kúrò lára kọntírólà, kí wọ́n fi fíúùsì tuntun tó jẹ́ iye amp kan náà síbẹ̀, kí wọ́n tún tan án. Bó bá tún jó, thyristor tàbí díódì inú bọ́ọ̀dù ló ti so pọ̀, tàbí kó jẹ́ pé kóìlì field ló so. Kí wọ́n fi mítà wo field kí wọ́n tó dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi. Bí kò bá jó, mọ́tò ló jẹ̀bi. Wọ́n lè fi megger wo bóyá kóìlì rẹ̀ ti kan ara irin, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ ti yọ gbogbo wáyà mọ́tò kúrò lára kọntírólà, nítorí iná megger á pa bọ́ọ̀dù. Bí megger bá ń fi ohun tó kéré sí mílíọ̀nù kan ohm hàn, kí wọ́n má so mọ́tò náà padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fọn eruku kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì gbẹ ẹ́, nítorí eruku yẹn ń gbé iná. Tó bá sì jẹ́ pé wáyà bàbà ni wọ́n wé dípò fíúùsì, ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe fíúùsì yẹn.

Bó bá jẹ́ pé eré ló ń sá, tí fọ́líọ́ọ̀mù kò sì lè dá a dúró: Kí wọ́n pa á kíákíá. Ohun mẹ́ta ni kí wọ́n wò. Wáyà tó wà ní apá òdo fọ́líọ́ọ̀mù lè ti já. Tákò, ìyẹn ohun tó ń sọ ìyára mọ́tò fún kọntírólà lára àwọn ẹ̀rọ kan, lè ti tú tàbí kí wáyà rẹ̀ já, kọntírólà á wá rò pé mọ́tò kò yí rárá, á sì máa fún un níná sí i. Tàbí kó jẹ́ field ni kò ní iná. Ìkẹta yìí ló burú jù.

Bí ìyára bá ń rẹ̀ sílẹ̀ tí ẹrù bá dé: Iná tó ń wọlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, torí fóòtì tó pé nígbà tí ẹ̀rọ dúró lè já wálẹ̀ tó bá gbéra. Lẹ́yìn náà ni bírọ́ọ̀ṣì, bẹ́líìtì àti gíà. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n tó fọwọ́ kan IR COMP, kí wọ́n sì yí i díẹ̀díẹ̀.

Bó bá ń sáré, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń sáré: IR COMP lè ti pọ̀ jù, bírọ́ọ̀ṣì lè máa mì nínú ilé rẹ̀, tákò lè ti tú, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ máa jó síwá sẹ́yìn. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ ni kí wọ́n gbé e sórí iná òpó nígbà tí iná bá dáa. Bí ìṣòro náà bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni.

Bí iná bá ń ta pàrà-pàrà lẹ́nu bírọ́ọ̀ṣì: Iná tín-ín-rín díẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ṣùgbọ́n èyí tó ń tàn yí commutator ká kì í ṣe eré. Bí bírọ́ọ̀ṣì bá ti jẹ títí tó fi ku ìdá mẹ́ta gígùn rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ pọ̀, kó sì jẹ́ irú èyí tí mọ́tò náà ń lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi fáìlì gé kó lè bá ihò mu. Kí wọ́n wo sípíríǹgì tó ń tì í. Bí commutator bá rí ṣákiṣàki, sáńpépà tó kúnná ni wọ́n fi ń yún un. Wọn kì í lo èyí tí wọ́n fi emery ṣe, nítorí lẹ́búlẹ́bú emery lè gbé iná kó sì so àwọn bàbà náà pọ̀.

GÍLÓÒBÙ TÓ Ń JẸ́RÌÍ

Àyẹ̀wò kan wà tí kò náni ju owó gílóòbù kan lọ, òun ló sì sábà máa ń dá ẹjọ́ láàárín bọ́ọ̀dù àti mọ́tò. Kí wọ́n pa iná, kí wọ́n yọ wáyà armature kúrò, kí wọ́n fi ti field sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí wọ́n so gílóòbù àtijọ́ tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, wáàtì 100, fóòtì 240, sí ojú A1 àti A2 kọntírólà. Gílóòbù tuntun tí kì í jẹ iná kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Fún kọntírólà ìlà mẹ́ta tó ń gbé fóòtì 460 jáde, kí wọ́n so irú gílóòbù kan náà méjì tẹ̀léra wọn. Kí wọ́n wá tan án, kí wọ́n sì rọra yí fọ́líọ́ọ̀mù.

Bí gílóòbù bá tàn wẹ́lí, tó ń mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tàn dáadáa, tó sì tún ń rẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí i padà, bọ́ọ̀dù náà ń darí iná. Kí wọ́n má rà á, kí wọ́n má tà á. Bí kò bá tàn rárá, tí iná tó ń wọlé pé, tí fọ́líọ́ọ̀mù sì dáa, tàbí tó tàn kanrí láìgbọ́ ti fọ́líọ́ọ̀mù, nígbà náà ni bọ́ọ̀dù di afurasí gidi. Mítà nìkan kò tó fún ìdájọ́ yìí, nítorí bí kò bá sí ẹrù kankan lórí rẹ̀, iná tó ń jò gba ara thyristor kọjá lè mú kí mítà fi fóòtì tó pọ̀ hàn láìsí agbára nínú rẹ̀.

BÓ BÁ JẸ́ BỌ́Ọ̀DÙ LÓÒÓTỌ́

Kí wọ́n má kàn gbé èyí tó bá jọ ọ́ lójú wá. Fóòtì tó ń wọlé, fóòtì armature, fóòtì field àti amp gbọ́dọ̀ bá pátákó ara mọ́tò mu. Kí wọ́n mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ń lo tákò. Kí wọ́n ya àwòrán gbogbo wáyà kí wọ́n tó tú ọ̀kankan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí wọ́n mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Bí thyristor bá jó nítorí pé armature ti so, bọ́ọ̀dù tuntun náà ń bọ̀ wá bá èyí tó kú lọ́nà ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó, kí wọ́n dá CURRENT LIMIT padà sí ìwọ̀n mọ́tò, kí wọ́n má sì fi í sí ibi tí wọ́n bá a.

Kì í ṣe dandan kí ọ̀gá tó ni ẹ̀rọ mọ iṣẹ́ iná. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kó mú sẹ́nu kó tó yọ owó: Fóòtì mélòó ló ń wọlé nígbà tí ẹ̀rọ ń fa ẹrù? Fóòtì mélòó ló ń jáde lọ sí armature? Ṣé wọ́n ti fi gílóòbù dán an wò? Oníṣẹ́ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe àyẹ̀wò. Èyí tí kò bá lè dáhùn ń fi owó olówó ta tẹ́tẹ́ ni.

Kí ọ̀gá náà sì ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n á ti máa kọ fóòtì, amp àti ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bírọ́ọ̀ṣì sí nígbà tí ara ẹ̀rọ dá. Ẹni tí kò mọ bí ara ẹ̀rọ ṣe rí nígbà tó dá kò lè mọ̀ bóyá ó ń ṣàìsàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka iná tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe SIWES kò wọ́n ní Yábàá, pẹ̀lú Yaba College of Technology tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1947 àti Yunifásítì Èkó tó wà ní Àkókà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1962. Ọ̀gá tó bá gba ọ̀kan nínú wọn lè ní kó ya àwòrán wáyà ẹ̀rọ náà kó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá tún dúró, ìwé yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí, kí wọ́n tó ṣí àpò owó.